Kí wọ́n tó fi kún oògùn táírọ́ìdì yín, ẹ kọ́kọ́ wo ife tíì yín

Oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀, ooru Abuja tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, tí NEPA á mú iná lọ tí gbogbo ará ilé á gbé ẹní jáde síta. Kubwa là ń gbé. Èmi nìkan ló kù sí yàrá, mo fi ìborùn bo ara dé ọrùn, òtútù ń mú mi. Ọkọ mi ní ibà ni, a lo oògùn ibà, a tún lo ti táífọ́ọ̀dù, kò gbọ́. Mò ń sanra bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò wù mí jẹ, ohùn mi ki bíi ti ọkùnrin, irun ń já, ìgbẹ́ á di ọjọ́ mẹ́rin kó tó yà, tó bá di àárọ̀ mo lè jókòó létí bẹ́ẹ̀dì kí n máa wo bàtà mi fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó lè wọ̀ ọ́. Ìgbà tí dókítà kan wá ní ká wo táírọ́ìdì, TSH mi, nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ga tí táírọ́ìdì bá lọ́ra, tí kì í sábà ju 4 lọ, jẹ́ 38. Wọ́n fún mi ní levothyroxine, hóró táírọ́ìdì, 50 mcg. Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n sún un sí 75, lẹ́yìn náà 100, lẹ́yìn náà 125. TSH já wálẹ̀ dé 11 ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ti sanwó ilé ọdún méjì.

Àǹtí nọ́ọ̀sì kan, ará Ọ̀ffà, ló bi mí ní ohun tí ẹnì kankan ò bi mí rí. Ó ní, "Kí lo fi ń gbé hóró yìí mì?" Mo ní tíì ni. Tíì wo? Tíì mai shayi tó wà ní ìkóríta wa, ẹlẹ́kún ife, mílíkì ibẹ̀ ki dáadáa, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin, tí mo máa ń gbé sẹ́nu kí n tó wọ mọ́tò lọ sí Central Area. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ àti mai shayi lẹ jọ ń pín oògùn yẹn."

Mo yí bí mo ṣe ń lò ó padà, n ò fi kún un rárá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà TSH ti bọ́ sí 0.2, ìyẹn ni pé 125 tí ò tó mi tẹ́lẹ̀ ti wá pọ̀ jù fún mi, dókítà dá mi padà sí 100, ibẹ̀ ni mo wà títí dòní. Nítorí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ò ju ìyẹn lọ, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fi kún hóró yín, ẹ wo bí ẹ ṣe ń gbé e mì, ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ yín. Èmi kì í ṣe dókítà o. Dókítà yín ló ń sún oògùn sókè sódò, iṣẹ́ tiyín ni kí èsì tó bá wà níwájú rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ìyá tó ń pe ọmọ

Níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, ẹ̀yà ara kékeré kan wà níbẹ̀ tó rí bíi labalábá, òun ni táírọ́ìdì. Tó bá wú síta la ń pè é ní gẹ̀gẹ̀, àmọ́ gẹ̀gẹ̀ àti táírọ́ìdì tó lọ́ra kì í ṣe ohun kan náà, èèyàn lè ní ọ̀kan kó má ní èkejì. Ohun tó ń ṣe jáde jù ni T4, ó ń ṣe T3 díẹ̀, ara sì máa ń sọ T4 di T3 torí T3 ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Àwọn ló ń sọ fún ọkàn, ìfun, awọ àti ọpọlọ bí wọ́n ṣe máa yára tó. Levothyroxine tí à ń gbé mì, T4 náà ni.

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, ẹ̀yà mìíràn wà tó ń ṣọ́ T4 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. TSH ni ohùn rẹ̀. Ẹ rò ó bí ìyá tó wà ní kíṣìnnì tó ń pe ọmọ tó wà ní pálọ̀. Tọ́mọ bá dáhùn, ìyá á rọra sọ̀rọ̀. Tí ò bá dáhùn, ìyá á gbé ohùn sókè, tí ò bá tún dáhùn, gbogbo àdúgbò á gbọ́. TSH tó ga, ìyá ń pariwo ni, torí táírọ́ìdì ò dáhùn. TSH tó lọ sílẹ̀ gan-an, ìyá ti dákẹ́, torí T4 ti kún ilé jù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ di èyí mú, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, wọ́n á rí i pé TSH ga wọ́n á ní "ṣé táírọ́ìdì mi ti pọ̀ jù ni?" Rárá o, òdìkejì ni.

Ohun tó ń fa táírọ́ìdì tó lọ́ra pọ̀. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn ọmọ ogun ara wọn ló kọjú ìjà sí táírọ́ìdì, Hashimoto ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà ará Japan tó kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1912. Ti àwọn mìíràn, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀, tàbí wọ́n fún wọn ní oògùn onítànṣán (radioactive iodine) torí táírọ́ìdì wọn ti ń sáré jù tẹ́lẹ̀. Oògùn ọkàn tó ń jẹ́ amiodarone lè fà á, lithium náà lè fà á. Àìtó iodine náà wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe ń fi í sínú iyọ̀ tí à ń rà.

Lọ́dún 1891, dókítà kan ní England, George Murray, fa omi táírọ́ìdì àgùntàn, ó gún un fún obìnrin kan tí àìsàn yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú lọ, obìnrin náà gbé ọdún 28 sí i láyé. Ẹ má torí ẹ̀ lọ máa wá nǹkan lọ́rùn àgbò Iléyá o, hóró ti wà.

Bí a ṣe ń gbé e mì

Omi lásán, inú òfìfo, ó kéré tán ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ, wákàtí kan ló dáa jù. Mo máa ń gbé hóró kan àti ife omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó sùn. Mọ́ṣáláṣí wà lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n bá ti pe ìpè àsùbáà báyìí, mo ti gbé e mì, máa tún dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí n tó wẹ̀ kí n tó múra ọmọ, wákàtí kan ti lọ. Ẹ wá nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ilé tiyín kí ẹ so ó mọ́ ọn. Aláàmù fóònù dáa àmọ́ à ń pa á.

Ohun tó ń dí i lọ́nà nínú ikùn: tíì oní mílíkì, kọfí kódà dúdú, fura da nono, ògì tí wọ́n da mílíkì sí. Èyí tí wọn kì í rántí sọ fún àwa tí a wà lókè ọya níbí ni sóyà. Awara tí wọ́n ń dín létí títì láàárọ̀ yẹn, sóyà ni. Mílíkì sóyà inú ike, sóyà ni. Tom brown tí ẹ ń ro fún ọmọ tí ẹ sì ń bá a lá, sóyà wà nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má jẹ awara mọ́, èmi gan-an ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú yájì, àmọ́ ẹ gbé e jìnnà sí hóró yín, kí ẹ sì má jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù kan kí ẹ tún wá pa á tì pátápátá lóṣù kejì, torí dóòsì yín á máa bá a jó lọ jó bọ̀.

Àwọn kan wà tí ìdajì wákàtí ò tó fún, wákàtí mẹ́rin ni kí ẹ fi sáàárín: oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù (iron) nínú, kálísíọ́mù, mọtifítámì, àti oògùn àyà títa bíi Gestid àti èyíkéyìí tó bá jẹ́ funfun tí à ń lá tàbí tí à ń jẹ lẹ́nu. Ẹ gbé wọn sọ́wọ́ alẹ́, wàhálà parí. Omeprazole, oògùn ọgbẹ́ inú, yàtọ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí, ó ń dín omi kíkan inú ikùn kù ni, omi kíkan yẹn sì wà lára ohun tó ń tú hóró náà, nítorí náà tí ẹ bá ti ń lò ó tipẹ́ ẹ sọ fún dókítà. Ẹ tún sọ tí wọ́n bá gbé yín sórí oògùn ikọ́ ife tó ní rifampicin, tàbí oògùn wárápá bíi phenytoin àti carbamazepine, torí wọ́n ń jẹ́ kí ara tètè jó T4 dànù, hóró tó ń tó yín tẹ́lẹ̀ lè má tó yín mọ́. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oní estrogen náà, ẹ dárúkọ ẹ̀. Àgbo náà, ẹ máa fi í sí ọ̀sán, torí kò sí ẹni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú ìgò yẹn.

Àárọ̀ ò bá yín lára mu? Ẹ lò ó lálẹ́, wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ ìkẹyìn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan kí ẹ dúró lórí ẹ̀.

Tí ẹ bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ fara balẹ̀. T4 ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an, hóró tí ẹ lò lónìí, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kan nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà, ẹ wá ìgbà tí inú yín ṣófo kí ẹ lò ó. Ohun tí n ò fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ gbàgbé fún ọjọ́ márùn-ún ẹ wá kó hóró márùn-ún jọ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá ẹni tó ti dàgbà tàbí tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára.

Ooru ń ba hóró yìí jẹ́

Èyí ló yẹ kí àwa ará òkè ọya kọ sára ògiri. Levothyroxine ò fẹ́ ooru, kò fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ ọ̀rinrin. Púpọ̀ nínú páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ 25°C sí. Yàrá wo ló jẹ́ 25°C l'Ábújá lóṣù kẹta tí kò síná? Ẹni tó wà ní Sokoto tàbí Maiduguri, ìta ibẹ̀ máa ń kọjá 40°C lásìkò yẹn. A ò lè gbé gbogbo ayé wọ inú éà-kọ́ńdíṣọ̀n, àmọ́ a lè yẹra fún ibi tó burú jù: inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn, ojú fèrèsé, orí fíríìjì níbi tó ń gbóná sí, kíṣìnnì, bálùwẹ̀. Ẹ fi í sínú àpò rẹ̀ tó bá a wá títí dìgbà tí ẹ máa lò ó, ẹ má bọ́ gbogbo ẹ̀ sínú nílọ́ọ̀nù tàbí ìgò fítámì kan. Àárín aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lápá ibi tí oòrùn kì í bá dáa.

Níbi tí ẹ ti ń rà á náà ńkọ́. Lọ́dún kan mo ra ti oṣù mẹ́ta ní kẹ́míìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, fèrèsé tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán ni wọ́n to páálí sí, mo rí i, mi ò kà á sí. TSH mi tó ti dúró jẹ́ẹ́ fún ọdún méjì gùn padà sókè, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò yí padà nínú bí mo ṣe ń lò ó. Mi ò lè búra pé oòrùn yẹn ni, àmọ́ mo yí kẹ́míìsì padà, ó wálẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa parí, ẹ ra èyí tó máa tó yín fún oṣù kan tàbí méjì, ẹ jẹ́ kí ti ilé iṣẹ́ kan náà ni ẹ máa rà. Tí tiyín bá wọ́n lọ́jà tí ẹ ní láti mú ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ó dáa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀, àmọ́ ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí dáadáa. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní mcg, àwọn kan ní mg. 0.05 mg àti 50 mcg, ọ̀kan náà ni. 0.1 mg ni 100 mcg. Ẹni tó bá ń lo 50 tó rí 0.1 lórí páálí tuntun, tó rò pé "eléyìí kéré", ìlọ́po méjì ló fẹ́ gbé mì yẹn.

Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ fún ẹ̀jẹ̀

Lábù kan náà, àkókò kan náà, àárọ̀ ló dáa. TSH kì í jókòó sójú kan, ó máa ń ga lóru sí àárọ̀ kùtù, á wálẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí náà ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ ní aago méje oṣù yìí tó tún gba á ní aago mẹ́ta ọ̀sán oṣù tó ń bọ̀ á rí ìyàtọ̀ tí kò ti ọwọ́ oògùn wá.

Ẹ má lo hóró ọjọ́ yẹn títí wọ́n á fi fa ẹ̀jẹ̀ tán. Ẹ fi í sínú báàgì, ẹ lò ó lẹ́yìn náà. Ìdí ni pé fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí a bá gbé e mì, T4 máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà tó bá rí i lè rò pé ó ti pọ̀ jù. Ebi ò pọn dandan fún tẹ́ẹ̀sì yìí fúnra rẹ̀, àfi tí wọ́n bá fẹ́ bá yín wo ṣúgà tàbí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tó ń lo oògùn irun àti èékánná, ẹ gbọ́ o. Biotin ló pọ̀ nínú wọn, biotin sì ń da ẹ̀rọ lábù kan láàmú, á mú kí TSH dà bí ẹni pé ó lọ sílẹ̀ kí T4 dà bí ẹni pé ó ga, wọ́n á wá dín oògùn ẹni tí ò yẹ kí wọ́n dín ti ẹ̀ kù. Ẹ dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu, torí pé irun tó ń já nítorí táírọ́ìdì gan-an ló ń gbé wa dé ìdí biotin.

Tí ibà gidi bá ń ṣe yín tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù, ẹ sún un síwájú tí dókítà bá gbà, àìsàn ń yí nọ́ńbà yìí po.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n bá yí dóòsì padà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá tó ti ń pariwo látàárọ̀, tọ́mọ bá tiẹ̀ wá dáhùn, ohùn rẹ̀ kì í dédé wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á ṣì máa ráhùn fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni TSH. Ẹni tó lọ wò ó lọ́sẹ̀ kejì á rí i pé ó ṣì ga, á bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi kún un, wọ́n á fi kún un, tó bá máa fi di oṣù kẹta àyà á máa lù kì kì kì lóru. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun tí ẹ máa ní kí wọ́n ṣe ni TSH àti free T4, ìyẹn T4 tó wà lómìnira nínú ẹ̀jẹ̀. Fún ẹni tó ti wà lórí oògùn, T3 kì í sábà sọ ohun tó wúlò, owó ni. Àǹtíbọ́dì TPO, ohun tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń bá táírọ́ìdì jà, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó, ó ń sọ bóyá Hashimoto ni, kò sọ bí oògùn ṣe ń ṣe dáadáa sí.

Kíka ìwé èsì

Kí ẹ tó wo nọ́ńbà, ẹ wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n àti ìwọ̀n tí lábù yẹn kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. TSH, ọ̀pọ̀ lábù ń lo nǹkan bíi 0.4 sí 4 mIU/L. Free T4 ló ń fa ẹkún, torí lábù kan á lo pmol/L, òmíràn á lo ng/dL. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kaduna pè mí lóru pé T4 òun ti já láti 15 sí 1.2, pé òun ń kú lọ. Mo ní kó ka ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà. 1.2 ng/dL, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12.9, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 15.5 pmol/L. Nǹkan kan ò já. Lábù ló yí padà.

Nísinsìnyí ẹ wá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

TSH ga, T4 kéré: ìyá ń pariwo, ọmọ ò sí nílé. Oògùn ò tó, tàbí ó tó lórí páálí àmọ́ kò dénú ẹ̀jẹ̀. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ife tíì.

TSH ga díẹ̀, T4 wà bó ṣe yẹ: tí ẹ ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn rárá, dókítà lè ní kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó ṣe ohunkóhun, torí ó máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà míì. Tó bá ti kọjá 10, oògùn ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Àwọn àgbàlagbà, TSH wọn máa ń ga díẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, nítorí náà màmá ẹni ọgọ́rin ọdún tí TSH wọn jẹ́ 6, ẹ má dáyà já wọn.

TSH ga fíofío, T4 wà bó ṣe yẹ tàbí ó tiẹ̀ ga, lára ẹni tó ń lo oògùn: háà. Èyí ni àwa tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sáyà sọ òótọ́. Ó jọ ẹni tí kò lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó wá rántí pé tẹ́ẹ̀sì kù sí dẹ̀dẹ̀, tó lò ó gidi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ ti sáré wọlé, àmọ́ ìyá ò tíì gbàgbé ibi tí ọmọ wà láti ìjẹta. Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ á rí i lójú ìwé. Ẹ sọ fún un, kò ní bá yín jà, torí tí ẹ bá dákẹ́ tó fi kún un, tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bó ṣe yẹ, á pọ̀ jù fún yín.

TSH lọ sílẹ̀, T4 ga: ó ti pọ̀ jù. Àyà lílù, ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn, oorun tó sá lọ, ara tó ń gbẹ. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ torí pé ara fúyẹ́, wọ́n sì ń jò. Mo mọ ẹni tó ń fi kún un fúnra ẹ̀ torí ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀, kí aṣọ ẹbí lè gbà á. TSH tó bá wà nísàlẹ̀ 0.1 fún ìgbà pípẹ́ ń jẹ́ kí ọkàn máa lù ségesège, ó sì ń jẹ egungun, pàápàá obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Àwọn tí wọ́n yọ jẹjẹrẹ táírọ́ìdì fún nìkan ni dókítà lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí tiwọn lọ sílẹ̀, ìyẹn ní ìdí tiẹ̀.

TSH lọ sílẹ̀ tàbí ó wà bó ṣe yẹ, T4 kéré: èyí ò wọ́pọ̀, ẹ má sì gbójú fò ó. Ìyá fúnra rẹ̀ ni kò lóhùn mọ́, nǹkan ń ṣe ẹ̀yà tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ. Obìnrin tó dà ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ, tí wàrà ọmú ò wá lẹ́yìn rẹ̀, tí nǹkan oṣù ò padà, ó lè jẹ́ báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ hóró táírọ́ìdì kí wọ́n tó wo cortisol rẹ̀ (ohun inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń kojú wàhálà), tí TSH ò sì ní sọ òótọ́ nípa oògùn rẹ̀ láéláé, T4 ni wọ́n á máa tẹ̀ lé.

Tí wọ́n bá fẹ́ yí dóòsì padà

Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le tí táírọ́ìdì rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan mọ́, ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń ṣírò ni 1.6 mcg fún kílò kan, ẹni tó bá jẹ́ kílò 70, á jẹ́ nǹkan bíi 112. Ẹni tí tiẹ̀ ṣì ń ṣe díẹ̀, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Àgbà tàbí ẹni tó ní àìsàn ọkàn, 12.5 tàbí 25 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa rọra gùn ún bí àkàbà, torí ọkàn tó ti ń sùn, a kì í fi ìlù jí i. Lẹ́yìn ìyẹn, 12.5 sí 25 ni wọ́n sábà ń fi kún un tàbí yọ kúrò lẹ́ẹ̀kan. Tí dókítà bá fẹ́ ohun tó wà láàárín 100 àti 125, ó lè ní kí ẹ lo 100 lónìí, 125 lọ́la, torí pé T4 ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ara ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣá.

Tí nọ́ńbà bá ti dúró, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tàbí lóṣù mẹ́fà ti tó. Tó bá dáa lórí ìwé tó sì ṣì ń rẹ̀ yín, kí ẹ má máa dá táírọ́ìdì lẹ́bi títí, ẹ wo PCV, ìyẹn bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó, ẹ wo ṣúgà, ẹ wo oorun yín. Èmi, PCV mi ló lọ sílẹ̀.

Àyà tó ń dunni, tàbí ọkàn tó ń sáré ségesège tí kò fẹ́ dúró, ẹ má dúró de ọjọ́ àpọ́íntìmẹ́ǹtì. Bákan náà ẹni tí kò lo oògùn tipẹ́, tí ara rẹ̀ wá tutù, tó ń sùn ṣáá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò lórí mọ́, àgàgà nígbà ọyẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì.

Oyún

Èyí ò ní sùúrù. Tí obìnrin tó wà lórí hóró yìí bá ti rí i pé òun ti lóyún, kó pe dókítà lọ́jọ́ yẹn, kó má dúró de ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ àǹtínétà, torí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, T4 ìyá ni ọpọlọ ọmọ gbójú lé. Ara aboyún sábà máa ń fẹ́ tó ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń gbà ṣe é ni hóró mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ dípò méje, ẹ bi tiyín tẹ́lẹ̀ kí oyún tó dé. Ẹ̀jẹ̀ á di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin títí dé ìdajì oyún, tí wọ́n á sì fẹ́ kí TSH wà nísàlẹ̀ 2.5. Tí ẹ bá bímọ tán, wọ́n á dá yín padà sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ kẹfà. Àwọn hóró áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ́mù tí wọ́n ń pín ní àǹtínétà, ẹ ò gbàgbé wákàtí mẹ́rin, àbí?

Ààwẹ̀ Ramadan

Àwọn mùsùlùmí wa máa ń bi mí léyìí jù. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ jí ṣáájú sààrì, ẹ lo hóró pẹ̀lú omi, ẹ dúró ìdajì wákàtí kí ẹ tó jẹun. Àmọ́ ta ló ń jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú sààrì fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Mararaba gbìyànjú ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó rọ̀ jù ni kí ẹ jẹun ìṣínu tán, kí ẹ kírun, kí ẹ lọ àṣámù, kí ẹ má tún jẹ nǹkan kan, tó bá pé wákàtí mẹ́ta ẹ lò ó kí ẹ tó sùn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kunu àti máásà tí aládùúgbò ń gbé wá ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e sínú fíríìjì di sààrì. Tí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ máa yí àkókò padà bẹ́ẹ̀, ẹ má fi tẹ́ẹ̀sì sínú oṣù yẹn, ẹ fi í sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà sí ti àárọ̀.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń gbé lọ bá dókítà. Ojú ewé kan fún tẹ́ẹ̀sì kan: ọjọ́, lábù wo, aago mélòó, TSH, T4 àti ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, dóòsì, orúkọ tó wà lára páálí, iye ọjọ́ tí mo gbàgbé lóṣù yẹn, oògùn mìíràn tí mò ń lò. Nísàlẹ̀ pátápátá mo máa ń kọ ohun tí mo fi gbé e mì. Láti ìgbà tí àǹtí ará Ọ̀ffà yẹn ti bi mí, omi ló wà níbẹ̀, omi, omi, omi, àyàfi lẹ́ẹ̀kan tí mo kọ "zobo, mo gbàgbé".